Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó gbé sáfà ímeèlì iléeṣẹ́ kalẹ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ táwọn èèyàn máa ń bi mí nípa sáfà ímeèlì ni pé RAM mélòó ló máa gbà. Èmi náà á bi wọ́n padà pé àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí sáfà ń jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) wo ni lẹ́tà wọn fẹ́ gbà jáde. Wọ́n máa ń rò pé ńṣe ni mò ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àmọ́ RAM ṣeé fi kún, dísìkì náà ṣeé pààrọ̀ lóru ọjọ́ kan. Bí IP bá ti lórúkọ burúkú lójú àwọn sáfà tó kù, tàbí tí pọ́ọ̀tì 25 (ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà jáde) bá wà ní títì pa, kò sí iye RAM tó lè wo ìyẹn sàn.

Nítorí náà, mi ò ní tẹ̀ lé bí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ṣe máa ń to àwọn ohun tí wọ́n ń béèrè. Ohun tó nira jù láti yí padà ni màá fi ṣáájú, kí èyí tó rọrùn tẹ̀ lé e. Sáfà Linux ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ jù, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló wà fún ẹni tó fẹ́ lo Windows. IP 203.0.113.45 àti orúkọ mail.example.com tí ẹ máa rí nísàlẹ̀, àpẹẹrẹ lásán ni. Tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò wọn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé ọ̀nà wà fún lẹ́tà láti jáde?

Láti ọdún 1982 tí wọ́n ti kọ ìlànà SMTP sílẹ̀ ni sáfà ti ń bá sáfà sọ̀rọ̀ ní pọ́ọ̀tì 25. Ibẹ̀ náà sì làwọn tó ń da spam (lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò béèrè) síta ń gbà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yáni ní sáfà fi tì í pa. Google Cloud kì í sábà jẹ́ kí lẹ́tà gba pọ́ọ̀tì 25 bọ́ síta. Amazon EC2 tì í títí ẹ ó fi kọ̀wé béèrè. Ní Azure, irú àdéhùn tí ẹ bá wọn ṣe ló máa sọ bóyá ó máa ṣí. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí èyí. Ẹ wọ inú sáfà náà, kí ẹ tẹ:

`nc -vz -w 10 gmail-smtp-in.l.google.com 25`

Bí ó bá fèsì pé "succeeded" lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà ṣí. Bí ó bá dákẹ́ títí tó fi sọ pé "timed out", ẹnì kan ti dí ọ̀nà náà, bóyá firewall (ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà) tiyín, bóyá ti ẹni tó ni sáfà. "Connection refused" yàtọ̀ sí ìyẹn ní tirẹ̀: ẹnì kan dáhùn, àmọ́ ó lé yín padà.

Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ láti ṣí i, ẹ lè ní kí sáfà yín máa gbé lẹ́tà lé sáfà mìíràn lọ́wọ́ ní pọ́ọ̀tì 587, kí ìyẹn máa bá a fi ránṣẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tètè pinnu rẹ̀ nísinsìnyí, torí ó máa kan SPF yín (àkọsílẹ̀ tó ń sọ àwọn sáfà tó láṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ lórúkọ yín), ó sì lè kan owó tí ẹ máa san lóṣooṣù.

Ọ̀nà àbáwọlé náà wà. Ẹ tẹ `sudo nc -l 25` lórí sáfà, kó wà níbẹ̀ kó máa dẹ etí, kí ẹ wá gbìyànjú láti kàn án láti orí ẹ̀rọ mìíràn tó wà níbòmíràn. Ẹ má lo íntánẹ́ẹ̀tì ilé fún àyẹ̀wò yìí o. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti ti pọ́ọ̀tì 25 pa fún àwọn oníbàárà wọn, ẹ ó kàn máa bú sáfà tí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn pọ́ọ̀tì tó kù tó gbọ́dọ̀ ṣí ni 465 àti 587 tí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi fi lẹ́tà ránṣẹ́, 993 tí wọ́n máa fi kà á, àti 80 pẹ̀lú 443 fún ojú ewé ímeèlì àti fún gbígba ìwé ẹ̀rí TLS (tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà) lọ́dọ̀ Let's Encrypt.

Ìgbésẹ̀ 2: Irú orúkọ wo ni IP náà ní?

IP tí wọ́n fún yín lónìí, ẹlòmíràn ló ṣeé ṣe kó lò ó lánàá. Bí onítọ̀hún bá ti fi ṣe iṣẹ́ ibi, ẹ̀yin lẹ máa jẹ gbèsè rẹ̀. Spamhaus ni mo kọ́kọ́ máa ń bi, torí ọ̀pọ̀ sáfà ló ń wo àkójọ tiwọn kó tó gba lẹ́tà. Ẹ yí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin IP yín sẹ́yìn, kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí:

`dig +short 45.113.0.203.zen.spamhaus.org`

Bí kò bá mú nǹkan kan jáde, ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ó bá mú 127.0.0.2 jáde, wọ́n ti mọ IP náà mọ́ spam, ẹ yáa béèrè òmíràn. Bí ó bá jẹ́ 127.0.0.10 tàbí 127.0.0.11, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé IP náà wà lára àwọn tí kò yẹ kó máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní tààrà, irú èyí tí àwọn ilé ń lò. Sáfà tí ẹ gbé sínú ọ́fíìsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì lásán sábà máa ń bọ́ sínú èyí.

Ìdáhùn kan wà tó máa ń kó ìdààmú bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: 127.255.255.254. Kò sọ nǹkan kan nípa IP yín rárá. Ohun tó ń sọ ni pé DNS (ètò tó ń wá IP fún orúkọ) gbogboogbò, irú bíi 8.8.8.8, lẹ fi béèrè, Spamhaus ò sì ń dá irú wọn lóhùn. Tí ẹ bá fi sáfà yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò spam tó fẹ́ máa ṣe lójoojúmọ́ kò ní níye lórí, tàbí kó tiẹ̀ ka gbogbo lẹ́tà sí spam. Ẹ ní láti ní DNS tiyín lórí sáfà náà, bíi Unbound. Èyí wà lára ohun tí sáfà ímeèlì ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ewé tó ń sọ iye RAM kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Orúkọ sáfà, níwá lẹ́yìn

Ẹ tẹ `hostname -f`. Orúkọ kíkún ló gbọ́dọ̀ jáde, bíi mail.example.com. Bó bá jẹ́ "localhost" tàbí "ubuntu" lásán lẹ rí, ẹ tún un ṣe báyìí, torí ọ̀pọ̀ ètò ìgbékalẹ̀ ló máa ń mú orúkọ tó bá bá níbẹ̀ lọ sínú fáìlì bíi mélòó kan, wíwá wọn kàn lẹ́yìn náà kì í ṣeré.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe méjèèjì yìí:

`dig +short mail.example.com`
`dig +short -x 203.0.113.45`

Ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mú IP yín jáde, kí ìkejì sì mú orúkọ yẹn gan-an jáde padà. Ìkejì yìí ni wọ́n ń pè ní PTR. Ẹ ò lè kọ ọ́ síbi tí ẹ ti ń kọ DNS domain yín, torí ẹni tó ni IP ló láṣẹ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ibi tí ẹ ti lè fọwọ́ ara yín kọ ọ́, àwọn kan ní kí ẹ kọ̀wé sí àwọn, àwọn mìíràn ò ní ṣe é rárá. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Google ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Gmail ní PTR tó pé, TLS, àti ó kéré tán SPF tàbí DKIM (òǹtẹ̀ tí sáfà ń tẹ̀ mọ́ lẹ́tà). Ẹni tó bá ń fi lẹ́tà tó tó 5,000 ránṣẹ́ sí wọn lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC (ìlànà ohun tí wọ́n máa ṣe sí lẹ́tà tó bá kùnà méjèèjì) pa pọ̀.

Ẹ yẹ IPv6 wò pẹ̀lú. Mo ti rí sáfà tí gbogbo nǹkan rẹ̀ pé lórí IPv4, tó jẹ́ pé ìdajì lẹ́tà rẹ̀ ń padà wálé. Ńṣe ló ń gba IPv6 jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, kò sì sí PTR níbẹ̀. Yálà kí ẹ ṣe PTR fún un, tàbí kí ẹ kọ `inet_protocols = ipv4` sínú Postfix (ètò tó ń gba lẹ́tà, tó sì ń fi í ránṣẹ́).

Ohun kékeré kan kù lórí DNS. Kọ́kọ́rọ́ DKIM oníwọ̀n 2048 gùn ju àmì 255 lọ, ibẹ̀ sì ni okùn ọ̀rọ̀ kan nínú TXT (àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ inú DNS) ń parí sí, nítorí náà wọ́n ní láti gé e sí méjì. Àwọn ojú ewé DNS kan máa ń gé e fúnra wọn, àwọn kan máa ń gé ìdí rẹ̀ dànù láìsọ̀rọ̀. Ẹ fi TXT gígùn kan dánwò, kí ẹ fi `dig` wò ó bóyá ó pé.

Ìgbésẹ̀ 4: Dísìkì

Ibí yìí ni mo ti jìyà jù, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Ká ní òṣìṣẹ́ 40 lẹ ní, kí lẹ́tà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà àti èyí tó ń fi ránṣẹ́ lápapọ̀ jẹ́ 60 lóòjọ́, kí lẹ́tà kan sì tó 150 KB tí ẹ bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. 9 MB nìyẹn lóòjọ́ fún ẹnì kan. Tí ọjọ́ iṣẹ́ bá jẹ́ 250 lọ́dún, ó di 2.25 GB. Fún èèyàn 40, 90 GB ni. Lọ́dún mẹ́ta, 270 GB. Nọ́ńbà tiyín máa yàtọ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ lọ wo àpótí lẹ́tà àwọn mẹ́ta: ẹni tó ń lò ó díẹ̀, ẹni tó wà láàárín, àti ẹni tí kì í pa nǹkan kan rẹ́ láyé. Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, ẹni tó ń ṣètò owó tàbí tó ń ya àwòrán ilé ni ẹni ẹ̀kẹta yìí. Ẹ má sì gbàgbé pé fáìlì tí wọ́n so mọ́ lẹ́tà máa ń tóbi sí i lójú ọ̀nà, torí gbogbo báìtì mẹ́ta ló ń di mẹ́rin. Fáìlì 15 MB á dé ibi tó ń lọ ní 20 MB ó lé.

Lórí 270 yẹn, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún atọ́ka tí wọ́n fi ń wá lẹ́tà, fún àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀, àti fún lẹ́tà tó ń dúró lórí ìlà. Èmi kì í fẹ́ kí dísìkì lẹ́tà kọjá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ̀dà ìpamọ́ ò sí nínú ìṣirò yìí, torí kò gbọ́dọ̀ wà lórí dísìkì kan náà.

Wàyí o, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Wọ́n ní kí n wá wo sáfà ọ́fíìsì kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́tà ò wọlé mọ́. Àkọsílẹ̀ ń pariwo pé "No space left on device". Mo tẹ `df -h`, ó ní àyè tó ṣẹ́ kù ju ìdajì lọ. Mo pa sáfà, mo tún un tan, ariwo kan náà ni. Mo pa àwọn lẹ́tà àtijọ́ mélòó kan rẹ́, lẹ́tà tuntun wọlé fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún dáwọ́ dúró. Ìgbà tí mo tẹ `df -i` ni ojú mi là: 100% lórí ìlà dísìkì lẹ́tà. Fáìlì ni kò lè gbà mọ́, àyè ṣì pọ̀. Dísìkì 200 GB náà, fídíò ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ máa kó sí i, wọ́n sì ti ṣe ext4 rẹ̀ (ètò tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísìkì) pẹ̀lú `-T largefile`, èyí tó ń ya inode kan ṣoṣo (fáìlì kọ̀ọ̀kan ń jẹ ọ̀kan) sọ́tọ̀ fún 1 MB. Ìyẹn ni pé kò lè gbà ju nǹkan bí 200,000 fáìlì lọ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú Maildir (ọ̀nà tí sáfà náà ń gbà tọ́jú lẹ́tà) sì rèé, fáìlì kan ni. Inode ext4 kò ṣeé fi kún lórí dísìkì tó ti wà nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mú dísìkì náà tóbi sí i tàbí kí ẹ ṣe é látìbẹ̀rẹ̀. A kó gbogbo lẹ́tà jáde, a tún dísìkì ṣe, a kó wọn padà. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ló gbà, láìsí oorun.

Àṣẹ kan tí kò gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni ìbá ti gbà wá. Ẹ tẹ méjèèjì:

`df -h`
`df -i`

Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, lẹ́tà 60 fún ọjọ́ 250 fún èèyàn 40, fáìlì 600,000 ni lọ́dún kan. Bí ẹ bá fi ext4 sílẹ̀ bó ṣe wà, inode kan fún 16 KB, ẹ ò ní níṣòro. Bí ẹ bá lo XFS dípò ext4, ó máa ń ṣẹ̀dá inode bó bá ṣe nílò wọn, àníyàn yìí ò sí.

Ìyára dísìkì náà ṣe pàtàkì. Kí Postfix tó dáhùn "250 Ok" fún ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó máa ń rí i dájú pé lẹ́tà náà ti balẹ̀ sórí dísìkì ní ti gidi, kó má bàa sọ pé òun ti gbà á kí iná wá lọ. Lórí dísìkì tó ń yí, ohun tó lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kò ju bí ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀ lọ. SSD ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún. Ẹ fi èyí wọn tiyín:

`fio --name=idanwo --rw=randwrite --bs=4k --size=1g --fdatasync=1 --runtime=60`

Bí IOPS (iye ìgbà tó kọ̀wé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) tó jáde kò bá tó ọgọ́rùn-ún lórí sáfà tí wọ́n sọ pé SSD ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin àti aládùúgbò yín lẹ jọ ń jà lé dísìkì kan náà lórí. Ẹ tún un dán wò láàárín ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ayé wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: RAM àti CPU

Postfix àti Dovecot (ètò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà ka lẹ́tà) fúnra wọn kò jẹun púpọ̀. Àwọn tó ń bá wọn rìn ló ń jẹ ẹ́: ìṣàyẹ̀wò spam, wíwá inú lẹ́tà, àti ClamAV tó ń wá kòkòrò. ClamAV nìkan ń gba ju 1 GB lọ kó tó ṣe iṣẹ́ kankan. Tí àkójọ àmì kòkòrò tuntun bá sì wọlé, ó máa ń kó tuntun sínú RAM kó tó jọ̀wọ́ ti àtijọ́, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti di ìlọ́po méjì. Lórí ẹ̀rọ 2 GB, ìgbà yẹn ni Linux máa ń wá ẹni tó máa pa, Dovecot lè jẹ́ ẹni náà. Bó bá jẹ́ pé aago kan náà ni lẹ́tà ń dákẹ́ lójoojúmọ́, ẹ wo `journalctl -k | grep -i "out of memory"`. Èèyàn lè pààrọ̀ `ConcurrentDatabaseReload` sí `no` kó má ṣe ìlọ́po méjì mọ́, àmọ́ àyẹ̀wò kòkòrò á dúró díẹ̀ nígbàkigbà tó bá ń kó tuntun.

Iye tí àwọn oníṣẹ́ sọ́fítíwíà kọ sílẹ̀ fẹ̀ ju ara wọn lọ fíìfíì. Mailcow (àkójọ ètò ímeèlì kan) ní kí ẹ ní 6 GB àti swap (àyè dísìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́) 1 GB, ó kéré tán. Microsoft Exchange Server 2019 dábàá 128 GB fún sáfà tó ń gbé àpótí lẹ́tà. Ẹ kà á dáadáa bóyá "ó kéré tán" ni wọ́n kọ tàbí "ohun tí a dábàá": ti àkọ́kọ́ ni iye tó máa jẹ́ kí ètò náà lè tan, kò sọ pé òṣìṣẹ́ 40 lè jọ ṣí i láàárọ̀. Ẹ tẹ `free -h`, ojú "available" ni kí ẹ wò, kì í ṣe "free". Linux máa ń fi RAM tí kò níṣẹ́ pa fáìlì mọ́ sítòsí, ìyẹn ló fi máa ń jọ pé ó ti tán.

CPU kì í sábà dí èèyàn lọ́wọ́. `nproc` á sọ iye tí ẹ ní. Méjì sí mẹ́rin ti tó fún ọ́fíìsì tí kò tóbi.

Ìgbésẹ̀ 6: Linux wo, ẹ̀rọ wo, ta ló ti ń gbé ibẹ̀?

`cat /etc/os-release` á sọ irú èyí tí ẹ ní. Ẹ fi ọjọ́ tí ìtọ́jú rẹ̀ máa parí wéra pẹ̀lú iye ọdún tí ẹ fẹ́ lo sáfà náà. CentOS 8 parí lọ́jọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2021, CentOS 7 ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2024, síbẹ̀ mo ṣì ń rí ìtọ́sọ́nà tó ní kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ lórí wọn. Exchange 2019 tí mo dárúkọ lókè náà, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn rẹ̀ parí. Subscription Edition ló gba ipò rẹ̀.

`uname -m` á sọ bóyá x86_64 ni tàbí aarch64. `systemd-detect-virt` ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ lo Docker (ohun tí mailcow ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀): bó bá sọ pé openvz tàbí lxc, mailcow ò ní bá yín ṣe é. KVM ò ní wàhálà.

Kí ẹ wá wo ẹni tó ti jókòó sórí pọ́ọ̀tì tí ẹ fẹ́ lò:

`sudo ss -tlnp | grep -E ':(25|80|443|465|587|993)\b'`

Sáfà tuntun gan-an lè ti ní Exim tàbí Postfix kékeré kan lórí pọ́ọ̀tì 25 láìjẹ́ pé ẹ fi síbẹ̀. Ìyẹn rọrùn láti yọ. Bó bá jẹ́ pé ojú ewé iléeṣẹ́ ló wà lórí 443, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gba sáfà mìíràn. iRedMail (àkójọ ètò ímeèlì mìíràn) tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé orí ẹ̀rọ tí kò tíì sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ni kí wọ́n gbé òun sí. Kíkó gbogbo wọn pa pọ̀ ṣeé ṣe, àmọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá dùbúlẹ̀, gbogbo wọn á jọ dùbúlẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Aago

`timedatectl` gbọ́dọ̀ sọ pé "System clock synchronized: yes". Bí aago bá ṣìnà, ìwé ẹ̀rí TLS á dà bí èyí tí kò tíì tó àkókò tàbí tó ti kọjá, nọ́ńbà ìwọlé orí fóònù á sì máa kọ̀. Ní ti Exchange, ìyàtọ̀ tó ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ ti tó láti ti èèyàn síta. Ẹ fi chrony (ètò tó ń tún aago ṣe) sí i, ó tán.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ kó ìdáhùn gbogbo àṣẹ wọ̀nyí sínú fáìlì kan ṣoṣo pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é. Bí ọ̀gá bá bi yín pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí sáfà bá kú fún wákàtí díẹ̀, ẹ lè fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀: àwọn sáfà tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín á máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, Postfix fúnra rẹ̀ á sì máa gbìyànjú fún ọjọ́ 5 kó tó dá lẹ́tà padà. Àìní ẹ̀dà ìpamọ́ ló yẹ kó máa dẹ́rù bà á.

RAM tí kò tó, dísìkì tó kéré, Linux tó ti gbó, ẹ lè máa tún wọn ṣe bí ẹ bá ṣe ń lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé pọ́ọ̀tì 25, orúkọ IP tàbí PTR ni kò tíì dáhùn bó ṣe yẹ, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ni IP, ẹ dúró de èsì, ẹ tún `dig -x` tẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Títí tó fi máa mú mail.example.com jáde, ẹ má tíì fọwọ́ kan àṣẹ ìgbékalẹ̀.